Ife Azeezah

Azeezah ń ránṣọ ní Muṣin. Ayálégbé mi ni, yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Wárápá ti ń gbé e ṣubú láti kékeré. Kò sí oògùn tí kò tíì lò, àìsàn náà kò lọ.

Ife ilé wà lórí dúrọ́ọ̀mù omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ife tánganran ti Azeezah dá wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ayálégbé ní ẹni tó bá fara kan itọ́ rẹ̀ á kó àrùn náà.

Dókítà Mabel ní Yaba ń wá oògùn tuntun fún irú wárápá tó ń ṣe Azeezah. Owó ìwádìí tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe àwọn olówó jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè, ó sì bẹ Azeezah kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Akọ̀wé Mabel ní kó wọ aṣọ tó gbó, kó sunkún díẹ̀. Azeezah ní òun kì í ṣe alágbe. Ó rán búbù tuntun, ó sì mú ife rẹ̀ dání. Èmi ni mo sìn ín lọ.

Olóyè Julius ló jókòó síwájú. Ó bi wọ́n pé ṣé òyìnbó ò ti ṣe oògùn yẹn tán ni. Azeezah ní èyí tí òyìnbó ṣe, òun ti lò ó, òun ṣì ń ṣubú. Olóyè ní ó dáa, òun á fún un ní àpò ìrẹsì kan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Azeezah bu omi sínú ife, ó mu díẹ̀, ó na ìyókù sí Olóyè.

"Ẹ mu ún, sà."

Olóyè ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

"Ẹ ò lè mu omi mi, ẹ wá fẹ́ ṣàánú mi. Oògùn la wá wá. Ẹ máa gbé ìrẹsì yín lọlé."

Mabel fọwọ́ bojú. Èmi náà rò pé ó ti parí.

Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. Máyọ̀kún ni, ó ń kó irin wọlé, ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ wà ní Ijora. Ó gba ife náà, ó mu ún gbẹ.

"Ọmọ mi ní irú ife yìí nílé. Bí àlejò bá dé, a máa ń fi í pamọ́."

Ó ní kí Mabel padà sẹ́nu iṣẹ́, òun á gbé ìnáwó rẹ̀.

Wọn ò tíì rí oògùn náà. Wọ́n ń wá a.

Azeezah fa ìṣó yẹn yọ, ó gbé ife rẹ̀ sórí dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú ife ilé. Ayálégbé kan ń kùn. Azeezah fún un ní ìṣó náà, ó ní kó lọ fi kọ́ ife tirẹ̀.