Ọkùnrin Tó Ń Kí Mi Káàbọ̀

Mo rántí ìgbà tí ọ̀nà Ìkirun di ohun ẹ̀rù fún mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ la fi ń rìn láti Inísà lọ sọ́jà Ìkirun. Òwú tí ìyá mi bá ran ni mo máa ń rù lọ tà. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí kì í rà, tí kì í tà, síbẹ̀ bí mo bá dé ọjà, yóò ti wà níbẹ̀. Bí mo bá lọ pọnmi, yóò jókòó sórí àpáta, yóò máa wò mí. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ: “Káàbọ̀.” Mo sọ fún un lójúkojú pé n kò fẹ́ ẹ, ó rẹ́rìn-ín. Mo pààrọ̀ ìró, mo pààrọ̀ gèlè, èmi ọlọ́gbọ́n, mo rò pé kò ní dá mi mọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ ti dé. Ìyá mi pàápàá ní ìfojúsóde ni, pé bí wọ́n ṣe ń wo ìwà ọmọbìnrin kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ̀ nìyẹn. Mo bá panu mọ́.

Nígbà tí ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí n lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Òkukù. Inú yàrá la ti sọ ọ́, a sì ti ilẹ̀kùn. Mo dé Òkukù, n kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀, ni ọkùnrin yìí dìde lábẹ́ igi odán iwájú ilé wọn.

“Káàbọ̀.”

Igbá bọ́ lórí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́, wọn kò sì rẹ́rìn-ín.

“Ta lo sọ fún pé ò ń bọ̀?”

“Ìyá mi nìkan ni.”

“Onílé ní í kí àlejò káàbọ̀. Ta ni alárinà rẹ̀?”

“N ò rí alárinà kankan.”

“Ìfojúsóde kọ́ nìyí o. Ẹni tó ń fojú sóde a máa rán ará ilé rẹ̀ wá béèrè. Eléyìí ń dọdẹ rẹ ni, ẹ̀yìn ògiri yín ló sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Pariwo!”

Mo pariwo. Agbo ilé tú jáde. Wọ́n bi í pé ta ló wá kí ní Òkukù, kò rí orúkọ ẹnì kan dá. Wọ́n mú un padà sí Inísà, wọ́n rojọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ẹbí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò dá nìkan lọ sọ́jà mọ́, gbogbo obìnrin ọ̀nà Ìkirun sì mọ ojú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò figbe bọnu. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí oko.

Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ mí, wọ́n ní ìfẹ́ ló ń pa ọmọ àwọn bí ọtí. Mo ní irọ́ ni. Ìfẹ́ wo ló ń fetí sí ògiri? N kò dárí jì í nígbà náà, n kò sì ní dárí jì í.

Ó ti pẹ́ tó ti kú. Síbẹ̀, bí mo bá ń rìn, mo ń bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín pé ta ni yóò tún tẹ̀ lé arúgbó. Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbọ́ pé ó ti kú.