Òkè Tí Kì Í Ṣe Òkè Àdúrà

"Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra o! Ìyá kan ní Alímọ̀ṣọ́ tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ gun òkè oníná nílẹ̀ òkèèrè, òkè gbé e mì. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn."

Ohùn obìnrin kan ló ń sọ ọ́ lórí fóònù mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí iná náà ṣì ń lé bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ránṣẹ́ sí mi. Àwa méjèèjì la jọ mu ògì láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé mi ní Ìgandò. Ó tún fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un nísàlẹ̀ pé: "Àbúrò mi, ẹ̀mí ló jù. Má tẹ̀lé ọmọ kankan lọ síbi òkè o."

Mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ rò pé wọ́n ń sọ?"

"Ìyá kan ni. Wọ́n ní Alímọ̀ṣọ́ níbí ló ń gbé. Ó ṣeé ṣe ká mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Yéè! Ta ni? Ìgbà wo la máa lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀?"

Èmi ni ìyá náà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ni mo ń rán, ẹni tó bá sì ń rán aṣọ ilé ìwé mọ̀ pé bí ìwọ̀n bá yẹ̀ díẹ̀ léjìká, gbogbo aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Ó ṣe dáadáa lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní kó mú ẹnì kan tó bá wù ú, kí àwọn méjèèjì lọ gbafẹ́ ní erékùṣù Bálì, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Ó lè mú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi ló mú. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ní:

"Mọ́mì, tá a bá débẹ̀, a máa gun òkè. Ìdájí la máa gbéra, ká lè wà lórí òkè kí oòrùn tó yọ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ní àdúgbò wa, bí èèyàn bá ní òun ń lọ sórí òkè ní ìdájí, kí ló ń lọ ṣe níbẹ̀? Èmi tí mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun láti kékeré, mi ò mọ òkè méjì. Òkè tí wọ́n ń lọ ní ìdájí, òkè àdúrà ni. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tí mo máa ń fi omi tútù jí ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń fúnra rẹ̀ pè mí wá sórí òkè!

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún àdúgbò. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wa ní kí n bá òun béèrè lórí òkè náà, ohun tí ọkọ òun ń wá lọ sí Gowon Estate ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Obìnrin kan láti Egan gbé ike omi tó ṣófo wá, ó ní kí n bá òun bu omi orí òkè bọ̀. "Ẹ má jẹ́ kó kún jù, ẹ̀gbọ́n mi, kó má baà dà sínú ẹrù yín." Bàbá káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́, náà yọjú.

"Ìyá, ṣé wọ́n ń gba ti àwa náà níbẹ̀?"

"Ọlọ́run kan náà ni."

"Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Un pé àwọn tó ní kí n ṣe ilẹ̀kùn ò tíì wá gbé e o."

Bí a bá fẹ́ lọ sórí òkè, a máa ń gbààwẹ̀. Mo gba èyí tí a kì í fi omi kan ẹnu. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí, wọ́n to èso sórí tábìlì bí ẹni pàtẹ: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, àti èso pupa kan tó nírun lára. Mo kàn ń wò wọ́n ni.

"Mọ́mì, ẹ jẹun."

"Mò ń múra òkè."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Mọ́mì mi! Ẹ fẹ́ kí ara yín fúyẹ́?"

"Kó fúyẹ́, kó sì mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra. Inú àwa méjèèjì dùn gan-an, kálukú sí òkè tirẹ̀.

Ní ìdájí, ọkọ̀ gbé wa dé ẹsẹ̀ òkè. Mo ti wọ aṣọ funfun mi. Sílípáàsì ni mo wọ̀, èyí tó rọrùn láti bọ́, nítorí a kì í wọ bàtà lórí òkè àdúrà. Ike omi wà lọ́wọ́ mi. Àwọn àlejò mìíràn ti wà níbẹ̀, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Bàtà wọn le bíi ti sójà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ dání, méjì-méjì. Mo ní lọ́kàn mi pé, ìjọ àwọn eléyìí le o.

Amọ̀nà wa, ọkùnrin kúkúrú kan tóun náà wọ sílípáàsì, gbé agbọ̀n kékeré kan tí wọ́n fi ewé ọ̀pẹ ṣe kalẹ̀ létí ọ̀nà. Òdòdó wà nínú rẹ̀, àti ìrẹsì díẹ̀, àti tùràrí tó ń rú èéfín, àti bísíkítì kan. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tẹríba.

Mo fa ọmọ mi sẹ́yìn. "Ẹbọ nìyẹn."

"Mọ́mì, àṣà wọn ni. Wọ́n ń dúpẹ́ ni."

"Ní ẹsẹ̀ òkè àdúrà? Ṣé wòlíì wọn mọ̀ sí i?"

"Òkè kí ni?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì tó ni òkè yìí dà?"

Ó wo aṣọ funfun mi. Ó wo sílípáàsì. Ó wo ike omi. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Mọ́mì, òkè oníná ni! Fọ́kénò! Èyí tẹ́ ẹ máa ń sọ pé tíṣà yín yà sójú pátákó!"

Mo ṣe Jọ́gíráfì ní girama títí mo fi jáde. Mo mọ fọ́kénò. Ihò wà lórí rẹ̀, iná wà nínú ihò, iná náà kì í sì í ránṣẹ́ sílé kó tó jáde. Mo bi amọ̀nà pé ṣé èyí ti kú. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ó ní rárá o, ó sùn ni.

"Ta ló máa jí i?"

"Kì í ṣe àwa, Màmá," ó ní, ó sì ṣáná sí sìgá.

Sìgá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi! Ọmọ mi ní ásímà. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni èémí rẹ̀ ti máa ń há. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ọmọ tó ń wá afẹ́fẹ́ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kún, kó má wá sọ fún mi pé mò ń ṣàṣejù. Gbogbo tíṣà rẹ̀ ni mo bá sọ ọ́: kò gbọdọ̀ sáré. Ní ọjọ́ eré ìdárayá, abẹ́ igi ló máa ń jókòó sí, òun ló máa ń ṣọ́ bàtà àwọn tó ń sáré. Ó dàgbà, ó gboyè, ó ń gba owó oṣù, èmi náà ṣì ni mo máa ń yẹ báàgì rẹ̀ wò bóyá ínhélà wà níbẹ̀, ìyẹn oògùn tó máa ń fọ́n sẹ́nu.

"Pa á," mo sọ fún amọ̀nà. Ó pa á, ó fi ìyókù há ẹ̀yìn etí. Mo yíjú sí ọmọ mi. "A ò gun òkè kankan."

"Ẹ dúró nínú ọkọ̀, Mọ́mì. Mo máa lọ, mo máa bọ̀."

"Ìwọ nìkan?"

Bí mo ṣe gun fọ́kénò nìyẹn.

Wọ́n de tọ́ọ̀ṣì mọ́ wa níwájú orí. Òkúta dúdú àti yanrìn ni ọ̀nà náà. Bí ẹsẹ̀ bá lọ síwájú, á tún yọ̀ padà sẹ́yìn. Èkìtì ni wọ́n bí bàbá mi sí, òkè ló ń gùn lọ sóko títí tó fi darúgbó, kò sẹ́ni tó yà á ní fọ́tò. Níbí, obìnrin òyìnbó kan jókòó sórí òkúta, ó ń sunkún, ọkọ rẹ̀ sì ń fi dá a lójú pé ó ń gbádùn ara rẹ̀. Òmíràn bi amọ̀nà tirẹ̀ bóyá ibi tó le ṣì ń bọ̀. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ní Ìgandò, bí iná bá lọ tí omi ò wá, a máa ń gbé omi gun àtẹ̀gùn ní irú ìdájí yẹn. Mi ò mọ̀ pé ìgbafẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni òórùn kan dé. Imí ọjọ́ ni. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ ibi tí iná àti imí ọjọ́ ti máa ń jọ rìn. Mo gbọ́ tí ọmọ mi wúkọ́. Ó wú u lẹ́ẹ̀kan, ó sì yára pa á mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ fi pamọ́ fún mi. Mo sáré láti bá a, ni ojú mi bá ṣú. Ààwẹ̀ ti dé. Mo rọra jókòó sínú yanrìn, ike omi sì bọ́ lọ́wọ́ mi, à ń gbọ́ ọ bó ṣe ń yí lọ sínú àfonífojì, gbàlà, gbàlà, gbàlà, títí tí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ibẹ̀ ni ìtàn inú fóònù yẹn ti wá. Nígbà tí mo padà délé, mo ránṣẹ́ sí ará Egan tó ni ike náà pé: "Ẹ má bínú, ó já bọ́, òkè gbé e mì." Yorùbá kò ya ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ike nínú 'gbé e' yẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì tàbí ẹni kẹta, èmi ni òkè gbé mì, kì í ṣe ike mọ́.

Amọ̀nà sá wá. "Màmá, ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?"

Mo sọ fún un.

"Mọ́mì! Ààwẹ̀ lẹ gbà?"

"Ṣebí ìwọ lo ní orí òkè!"

Amọ̀nà fa bísíkítì yọ. Mo mọ bébà rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ti inú agbọ̀n yẹn?"

"Ìyẹn ti ẹni tó ni òkè, Màmá. Èyí ti àwọn tó bá ṣubú."

Mo jẹ ẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ mi ò lè gòkè mọ́, òun ò sì lè fi mí sílẹ̀. Amọ̀nà obìnrin kan ń kó àwọn mìíràn gòkè bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọmọ mi lè tẹ̀ lé wọn bó bá fẹ́. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, èéfín òkè lọ́hùn-ún pọ̀ ju ti ibí lọ.

"Ó tán," mo ní. "À ń sọ̀kalẹ̀."

Ọmọ mi ò gbóhùn sókè. "Mọ́mì, wọ́n ní kí n mú ẹni tó bá wù mí. Ẹ̀yin ni mo mú, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú yín rí i pé mo gun nǹkan kan dé òkè."

"Ìwọ tó ò ń wúkọ́."

"Mo wúkọ́, mi ò kú. Mo ti ṣọ́ bàtà tó, Mọ́mì."

Àwọn tó ń bọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa, tọ́ọ̀ṣì wọn ń tàn sí wa lójú. Mo ti na ọwọ́ láti di aṣọ rẹ̀ mú. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ínhélà dà?"

Ó yọ ọ́.

"Mì í." Ó mì í. "Fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́ kí n gbọ́." Ó fọ́n ọn. "Báwo lo ṣe máa mọ̀ tó bá tó àkókò?"

"Tí mi ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí. Mo máa dúró, mo máa jókòó, mo máa lò ó. Mi ò ní dìde títí èémí á fi padà. Tí kò bá padà, mo máa tún un lò, kí wọ́n sì mú mi sọ̀kalẹ̀." Ó ki ínhélà bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ."

Ó lọ.

Amọ̀nà se ẹyin nínú ihò kan tí ooru ti ń jáde láti inú ilẹ̀, ó bó ọ̀kan fún mi. Mi ò lè sọ bó ṣe dùn sí, torí ikọ́ ni mò ń tẹ́tí sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wúkọ́ lórí òkè yẹn, àmọ́ mo mọ tirẹ̀: wẹ́rẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, bíi súfèé ló máa ń parí. Mò ń ṣọ́ tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Ó dúró níbì kan. Àwọn ẹlòmíràn kọjá lára rẹ̀. Mo dìde.

"Ẹ jókòó, Màmá."

Mi ò jókòó. Tọ́ọ̀ṣì náà wálẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹni tó jókòó. Ó pẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ó tún gbéra.

Ìgbà yẹn ni oòrùn yọ. Gbogbo ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa níbẹ̀ pariwo, wọ́n ń ya fọ́tò. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, àwọn tó wà lókè pa tọ́ọ̀ṣì, mi ò sì mọ èwo ni ọmọ mi mọ́. Oòrùn tí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé wa wá wò ló gba ọmọ mi kúrò lójú mi.

"Ẹ wò ó, Màmá, ó mà rẹwà o."

Mo ní kó kúrò níwájú mi.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ dé, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ dúdú fún yanrìn, ohùn rẹ̀ ti há. Mo gbé etí lé e láyà níwájú gbogbo èèyàn. Ó jẹ́ kí n gbé e.

"O lò ó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Mo jókòó, mo lò ó, mo dìde."

"Kí lo wá rí lókè?"

"Kùrukùru." Ẹ̀rín gbá a mú débi pé ó jókòó sílẹ̀. "Mi ò rí oòrùn kankan, Mọ́mì! Funfun ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ mo débẹ̀."

Ó débẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà ròyìn rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní ásímà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé: ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ínhélà títí òun fúnra rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí tíṣà rẹ̀ mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré.