Àtàǹpàkò Mi Lára Aago Pẹlẹbẹ

Bátìrì aago tíṣà kan ni mo ń pààrọ̀ lọ́wọ́, ìkẹta irú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ọ̀gá báǹkì kan tó ti fẹ̀yìn tì wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Itamaga. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú aago nìkan ló mú wá, pé inú rẹ̀ wà nílé. Bó ṣe tín-ín-rín tó nìyẹn.

Fóònù alágbèéká kò tíì pẹ́ ní Ìkòròdú nígbà náà, àwọn oníbàárà sì ti ń bi wá pé kí ni àwọn tún fẹ́ fi aago ṣe. Ọ̀gá mi fi gíláàsì sójú, ó ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó sì pe èmi àti àbúrò iṣẹ́ mi wá wò ó. Kò sí bátìrì níbẹ̀; sípíríǹgì ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i láràárọ̀. Nínú aago tí a mọ̀, wọ́n máa ń to jíà, àwọn irin roboto eléyín, lé ara wọn bí àwo. Nínú èyí, wọ́n tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹja lórí àtẹ. Agolo kékeré tí sípíríǹgì ká sí, abẹ́ nìkan ni wọ́n ti dì í mú. Wọ́n ti yọ irin tó yẹ kó wà lókè rẹ̀ kúrò. Kò ní ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí ọwọ́ náà ń gba àyè. Jíà kan wà níbẹ̀ tí kò nípọn tó èékánná mi. Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ṣe eléyìí kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè jókòó."

Ọ̀gá mi ń wá ẹni tí yóò fi sí ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní ẹni tó bá tú aago yìí, tó tún un tò, tó sì ṣiṣẹ́, òun ni yóò lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún méjì péré ni àbúrò iṣẹ́ mi tíì lò níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ọ̀ṣun wá háyà yàrá lẹ́yìn ilé wa. Mo ti ń ro irú kọ́tìnì tí n ó so sẹ́nu ọ̀nà ní Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀gá wa gbé ègé irin dídán méjì jáde, ó ní kí kálukú wa fi àtàǹpàkò tẹ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó kó wọn síta. Ti àbúrò iṣẹ́ mi ṣì ń dán. Lára tèmi, àtàǹpàkò mi ti yọ ní àwọ̀ pupa, gbogbo ìlà rẹ̀ pé. Ìpáàrà ni.

"Iyọ̀ pọ̀ jù nínú òógùn ọwọ́ ẹ," ni ọ̀gá wí. "Aago ńlá lè gbà á. Eléyìí ò lè gbà á, ìpáàrà á jẹ ẹ́ tán. Ìwọ máa bá bátìrì lọ."

"Àǹtí, ẹ má bínú," ni ọmọbìnrin náà wí. "Bí ẹ bá ti fọwọ́ ro ọbẹ̀, kò tún nílò iyọ̀ mọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń wo ọmọbìnrin náà bó ṣe ń fi ẹ̀mú kékeré gbé àwọn jíà yẹn. Ìlara náà pọ̀ débi pé bó ṣe ń mí gan-an ń bí mi nínú. Nílé, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo fi pàúdà pa á, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo sì ń tẹ irin ní ìkọ̀kọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dógùn-ún. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ ló burú jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ kírun Àsárì, ọ̀gá kò sì sí nítòsí. Mo ṣí ìdérí tó fi bo iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò mi tẹ jíà tó fẹ̀ jù nínú wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo dé e padà, mo sì mú bátìrì mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló tò ó tán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí kí ọ̀gá báǹkì pa dà wá pariwo. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Nígbà tó wá, àṣé ó wá dúpẹ́ ni. Ó ní aago náà ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tí òun rà á lọ. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹkún ni mo sun délé.

Ṣọ́ọ̀bù tèmi wà ní Ijẹdẹ báyìí. Bátìrì àti okùn aago ni mò ń tà. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó gbọ́ pé àwọn aláago ìlú òkèèrè ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi bọ ìka, kí òógùn má baà kan irin. Rọ́bà lásán. Ọ̀gá mi kò mọ̀, èmi náà kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ṣì ń jowú ọmọbìnrin yẹn. Kì í ṣe nítorí Ẹ̀pẹ́ mọ́, bí kò ṣe pé òun fọwọ́ kan inú aago yẹn, èmi kò sì lè fọwọ́ kàn án láìbà á jẹ́.

Lẹ́yìn tí ọ̀gá báǹkì ti wá dúpẹ́ ni ọmọbìnrin náà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo bá a gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé gáréèjì. Ó dúró títí ọ̀gá fi lọ bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀, ó wá sún mọ́ mi.

"Àǹtí, mo rí i," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo nu jíà náà kí n tó tò ó. Mi ò ní sọ fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ má wá kí mi ní Ẹ̀pẹ́ o."