Aṣọ Funfun Ìyá Isaiah

Bí ẹ bá ń gba Táíwò Road kọjá, tí ẹ gbọ́ tí obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ogun ti parí, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, Ìyá Isaiah ni. Moṣọpẹ́ ni orúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aránṣọ ni wọ́n, gáùn ìyàwó ni wọ́n sì ń rán jù. Ẹni tó bá lówó á rà á, ẹni tí kò bá fẹ́ rà, á háyà rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn àti ọkọ wọn, Bàbá Láníyọnu, ti kó wá sí Ìlọrin. Tíṣà ni Bàbá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Fate ni ilé wọn wà, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ládùúgbò náà ni gbogbo wa sì jọ ń lọ.

Èmi ni Miracle. Mo wà lára àwọn ọmọbìnrin tí Màmá fún ní aṣọ. Èmi gbà á, mo sì dá a padà kí ọjọ́ ìgbéyàwó mi tó pé. Ìdí tí mo fi dá a padà, àti ohun tí Màmá ṣe lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ní ọjọ́ Sunday kan lọ́dún 2012, pásítọ̀ wàásù nípa Dọ́kà, obìnrin inú Bíbélì tó máa ń rán ẹ̀wù fún àwọn opó. Màmá sọ fún mi pé àtikékeré ni àwọn ti ń gbọ́ ìtàn náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ wọ́n létí pé aránṣọ bíi tiwọn ni Dọ́kà. Kò kọ́ ilé ìwòsàn fún aráàlú, kò gbẹ́ kànga fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà ló sì fi sin Ọlọ́run. Nígbà yẹn, ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò rí gáùn wọ̀. Gbogbo bí pásítọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn orí ọmọ náà ni Màmá ń wò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ bá Alhaja Safiyat. Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ni Alhaja ti ń ta léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin ni wọ́n, ìdílé alùfáà ni wọ́n ti wá, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá ní kí wọ́n gé sátínì funfun fún àwọn. Alhaja bèèrè ẹni tó ni ín, Màmá sì ṣàlàyé. Alhaja gé sátínì náà, wọ́n wá bu ìlẹ̀kẹ̀ funfun kún ike kan, wọ́n gbé e lé e lórí.

"Èyí ńkọ́?" ni Màmá bèèrè.

"Sàráà tèmi nìyẹn. Ẹ bá mi rán an mọ́ ọn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi rán gáùn náà. Wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ Alhaja sí àyà rẹ̀ bí ìtàkùn àjàrà. Ọmọbìnrin náà wọ̀ ọ́ ṣègbéyàwó, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ẹlòmíràn tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ọdún méje, ọmọbìnrin mẹ́rìndínlógún ló wọ gáùn kan ṣoṣo yìí dé iwájú pẹpẹ láìsan kọ́bọ̀. Bí ara ẹnìkan bá fẹ̀, Màmá á tú u. Bí ti ẹnìkejì bá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fún un pọ̀.

Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n Màmá lẹ́nu, àwọn pàápàá kò jiyàn rẹ̀. Bí ìyàwó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, tí gbogbo ènìyàn dìde, ohùn Màmá ni ẹ máa gbọ́ láti orí bẹ́ǹṣì kejì: "Aṣọ mi nìyẹn o! Ẹ wo àyà rẹ̀, ẹ ẹ̀ rí ìtàkùn yẹn?" Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n so fọ́tò gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún mọ́ ògiri, wọ́n kọ orúkọ kálukú sí abẹ́ tirẹ̀. Oníbàárà tó bá wá gba aṣọ kò ní lọ kó má gbọ́ ìtàn wọn. Kò sí ìkà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Inú wọn ló ń dùn, ayọ̀ náà kò sì gbà wọ́n nínú.

Ní ọdún 2019, ó kàn mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé kan ní Fate, owó oṣù mi kò ju ohun tí mo fi ń wọkọ̀ lọ dáadáa. Bàbá mi ti kú, ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà. Afẹ́sọ́nà mi, Oyèbámijí, ń ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ. Ìyàwó pásítọ̀ ló ní kí n lọ rí Ìyá Isaiah.

Màmá gbà mí bí ọmọ. Wọ́n ra ohun mímu tútù fún mi, wọ́n wọ̀n mí yípo, wọ́n ní ìdí mi rẹwà, àfi kí Oyèbámijí lọ máa dúpẹ́. Ní ọjọ́ tí mo lọ wọ gáùn náà wò, mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo ti wọ̀ ọ́ tán. Mo wo ara mi nínú dígí, omi lé sí mi lójú, nítorí n kò mọ̀ pé mo lè rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni obìnrin méjì wọlé wá gba aṣọ wọn. Mo gbọ́ tí Màmá ń ka fọ́tò ara ògiri fún wọn. Wọ́n dé ibi tó ṣófo.

"Ti Miracle ni ibí yìí," ni wọ́n wí. "Ọmọ opó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀kọ ni ìyá rẹ̀ ń tà, ọkọ tó fẹ́ fẹ́ náà kò ní nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́run lò mí ni, àfi kó di ìró dé pẹpẹ."

Àwọn obìnrin náà pòṣé ìkáàánú. Ọ̀kan ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Mà."

Mo bọ́ gáùn náà. Mo ká a dáadáa, mo jáde, mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé orí máṣíìnì. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà. N kò ní lò ó mọ́." Mo sọ̀kalẹ̀ kí omi tó bọ́ lójú mi. Alhaja Safiyat rí mi bí mo ṣe ń kọjá.

Ìró náà ni mo sì di dé pẹpẹ lóòótọ́. Ìró àti bùbá funfun tí ìyá mi fi ṣègbéyàwó tirẹ̀ ni, ìyá mi fọ̀ ọ́, ó sá a, ó sì lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Màmá wá sí ìgbéyàwó náà. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohùn wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn tí mo dá gáùn padà, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi. Inú kọ́kọ́ bí wọn. Wọ́n délé, wọ́n ní aláìmoore ni mí. Bàbá Láníyọnu ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá bi Màmá ní ìbéèrè bí ẹni ń bi ọmọ iléèwé:

"Ìyá Isaiah, nígbà tí Dọ́kà kú, ta ló kó àwọn ẹ̀wù tó rán jáde tó ń fi hàn?"

"Àwọn opó ni."

"Nígbà tó wà láyé ńkọ́, ṣé òun náà ń fi hàn?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ nílẹ̀.

"Ẹni tí a fún ní nǹkan ló ni ẹnu láti sọ ọ́," ni Bàbá wí. "Ìwọ ti gbà á lẹ́nu wọn."

Màmá kó ẹjọ́ náà sọ̀kalẹ̀ lọ bá Alhaja láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rò pé Alhaja á gbè wọ́n. Alhaja ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn, wọn kò gbójú sókè.

"Ìyá Isaiah, ìlẹ̀kẹ̀ ta ló wà láyà aṣọ yẹn?"

"Tiyín ni."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ọdún méje?"

Màmá ní àwọn kò gbọ́ ọ.

"Nílé kéú ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣe sàráà, kí òsì má gbọ́."

"Jésù náà sọ bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí jẹ́jẹ́.

"Áà! Ẹ ò gbọ́ tiwa, ẹ ò sì gbọ́ tiyín náà."

Màmá ní ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa àwọn, kó tó di ẹkún.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, wọ́n wá sílé ìyá mi. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọn kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ wá, wọ́n ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí n má baà rò pé wọ́n tún wá fún mi ní nǹkan. Kí a tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ti wà lórí eékún. Ìyá mi pariwo, "Ẹ dìde, Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ má fi wá gbépè!"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí," ni Màmá wí. Wọ́n kọjú sí mi. "Miracle, ọwọ́ mi ló fẹ́ bò ọ́, ẹnu mi ló tú ọ síhòòhò. Dárí jì mí."

N kò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ fún àgbà tó bá kúnlẹ̀ níwájú òun. Mo kúnlẹ̀ bá wọn. Ìyá mi náà kúnlẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tí a dìde, ìyá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà kalẹ̀, Màmá sì jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ abọ́.

Wọ́n tú àwọn fọ́tò ògiri sílẹ̀, wọ́n sì gbé kálukú lọ fún ẹni tó ni ín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò tó nǹkan. Ẹnìkan sunkún, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí orúkọ òun níbẹ̀ ni òun kò ti gba Táíwò Road kọjá mọ́. Ẹlòmíràn bínú pé kí ló dé tí wọ́n yọ tòun, òun fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Màmá ní kó lọ gbé e kọ́ sí pálọ̀ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tú gáùn yẹn palẹ̀. Wọ́n fi àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kún sátínì tuntun, wọ́n sì rán oríṣi mẹ́ta. Apá rẹ̀ ṣeé yọ, ọrùn rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ Alhaja náà kì í dúró sí ojú kan. Ẹ kò lè rí gáùn náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ dá a mọ̀. Àárín àwọn tí wọ́n ń fi háyà ni wọ́n ń kó wọn sí. Ọmọ tí ìyàwó pásítọ̀ bá rán wá á gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà pẹ̀lú ọmọ olówó, inú báàgì kan náà ni wọ́n ń fi aṣọ sí fún àwọn méjèèjì, wọ́n á sì sọ fún àwọn méjèèjì pé, "Ẹ dá a padà ní Tuesday o."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn rán ìlẹ̀kẹ̀ ní ọjọ́ Saturday, ibẹ̀ ni mo ti rí i bí ó ṣe nira fún wọn tó. Ẹni tó lẹ́nu bẹ́ẹ̀! Nígbà ìgbéyàwó kan, ìyàwó yọ, mo rí i tí Màmá dìde, wọ́n ní, "Aṣọ..." Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n wòye, wọ́n wá ní, "Aṣọ yìí mà rẹwà o," wọ́n sì ki áńkáṣíìfù bọ ẹnu.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ìyá Isaiah ti di ahun. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin lọ́dún 2023, ẹnìkan dìde, ó ní ó yẹ kí àwọn tí Ọlọ́run fún ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lójú Táíwò máa rántí àwọn tí kò ní. Ó ní ẹnìkan wà tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, owó ti gbà á lọ́kàn. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Màmá. Ara mi gbóná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí gan-an wọ ọ̀kan nínú gáùn mẹ́ta yẹn ní oṣù tó ṣáájú, èmi ni mo rán ọrùn rẹ̀. Mo ti fẹ́ dìde nígbà tí Màmá fi ọwọ́ tẹ itan mi.

"Jókòó," ni wọ́n wí lábẹ́lẹ̀.

"Mà, ẹ ẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ ni?"

"Mo gbọ́. Bí o bá dá a lóhùn, ọmọ yẹn lo máa sọ fún gbogbo ayé."

Mo jókòó. Nígbà tí a dé inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi ń bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Miracle, ó dùn mí o. Má rò pé kò dùn mí. Àmọ́ Ọlọ́run mọ iye gáùn tó wà níta."

Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ ìtàn yìí. Wọ́n ní, "Tìrẹ ni kí o sọ. Má sọ ti ẹlòmíràn." Ohun tí mo sì ṣe nìyẹn. Ní ti Alhaja, mo lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn náà, wọ́n ní mo ti dàgbà, kí n ṣe bí mo bá ṣe fẹ́.

Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Orúnkún wọn kò gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́ lójoojúmọ́, wọ́n ti gbé máṣíìnì kan wá sílé ní Fate. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń wọlé, ọmọbìnrin kan ń jáde lẹ́nu géètì, ó gbá báàgì kan mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ń dán. Ó kí mi, mo kí i. N kò bi í ní nǹkan kan.