Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Dá Sí ní Ẹ̀pẹ́

Kí àwọn ọ̀gá tuntun wa tó dé, mo rò pé ẹni tó bá lówó láti ra odidi iléeṣẹ́ yóò ní làákàyè díẹ̀ kún owó náà. Irọ́ ni. Oúnjẹ ẹja là ń ṣe ní Ìtamaga, ní Ìkòròdú, a sì ní ẹ̀ka kan ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí àwọn tó ń sin ẹja ti ń rà á. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibi méjèèjì. Ṣàdédé la gbọ́ pé iléeṣẹ́ ńlá kan láti Erékùṣù Èkó ti rà wá. Wọ́n rán ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru sí wa. Ọmọ tí mo lè bí ni, ìwọ, ìwọ ló sì ń pè mí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó gbogbo kọ̀ǹpútà wa sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá tiwọn. Àwọn kọ̀ǹpútà wa yìí kò ní ọpọlọ kankan nínú. Àpótí pẹlẹbẹ ni wọ́n, kò ju kí èèyàn so wọ́n mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan lọ. Ohun tó bá hàn lójú wọn, láti ara ẹ̀rọ ńlá tó wà ní Ìtamaga ló ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yóò tẹ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kó tó lè wọlé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọlé, lójú ẹ̀rọ, kò wá síbi iṣẹ́ rárá.

Ní Ẹ̀pẹ́, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Orúkọ Alhaja ni, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn níbẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé, kálukú ló ní orúkọ tirẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù yóò jókòó títí Ìtamaga yóò fi ṣí i fún un, àwọn oníbàárà á sì máa pariwo lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà sú Alhaja. Ó ní, "Ẹ bọ́ sórí tèmi jàre, iṣẹ́ la wá ṣe." Láti ọjọ́ náà, òun ló ń lọ láti orí kọ̀ǹpútà kan dé èkejì láàárọ̀, á ṣe bìsìmílláhì, á tẹ orúkọ rẹ̀ sí gbogbo wọn.

Nígbà tó kú, wọ́n ṣe fìdáù fún un. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, Bàbá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù, ṣe bìsìmílláhì, ó sì tẹ orúkọ Alhaja. Ó ní ọwọ́ obìnrin náà dára fún ọjà, òun kò sì ní sé ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wa àtijọ́. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Oníkóòtù wa kò dé Ẹ̀pẹ́ rárá. Ó ní ọ̀nà kò dára. Ìtamaga ló jókòó sí, tó ń mu omi tútù, tó ní kí ẹ̀rọ ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ fún òun. Nígbà tó rí èsì, ó pè mí, ojú rẹ̀ ń dán.

"Wo obìnrin yìí! Kọ̀ǹpútà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà! Kò lọ leave rí. Àwọn márùn-ún tó kù ò ṣe nǹkan kan, owó oṣù ni wọ́n ń jẹ."

Mo ní, "Sà, orúkọ ẹ̀ ni gbogbo wọn ń lò. Alhaja ti kú."

"Òkú ló wọlé láàárọ̀ yìí? Data kì í parọ́. Ìwọ lo fẹ́ bo àwọn ọ̀rẹ́ ẹ."

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí Erékùṣù, àwọn àgbà ibẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, àṣẹ sì dé: kí wọ́n dá àwọn márùn-ún dúró ní ìparí oṣù, kí wọ́n fi akínkanjú obìnrin náà sílẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé àpótí tuntun kan ṣoṣo lọ fún un, kí n sì kó àwọn ti àtijọ́ bọ̀. Inú ń bí mi láti Ìtamaga títí tí èmi àti dẹ́rẹ́bà fi kọjá Ìmọta.

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, gbogbo wọn yí mi ká. Bàbá wo àpótí náà, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá òmíràn ń bọ̀.

"Ẹyọ kan péré?"

"Ẹyọ kan ni, sà. Ẹnì kan ni wọ́n ní ó máa ṣẹ́ kù níbí."

"Ta ni?"

Mo dárúkọ Alhaja. Obìnrin tó ń gbowó, tó wà nínú oyún, jókòó sórí àpò oúnjẹ ẹja. Bàbá ní, "Ìnnà lílláhì. Wọ́n ti lé àwọn bàbá wa kúrò ní Èkó rí, Ẹ̀pẹ́ níbí ni wọ́n sá wá. Lílé kọ́ ló ń dùn mí. Nígbà yẹn, wọn ò kúkú fi òkú rọ́pò wọn."

Mo pe oníkóòtù lórí fóònù, mo sì ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Alhaja dà? Mo fẹ́ kí wọn kú oríire."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Wọn ò sí níbí, sà."

"Wọ́n ti wá lọ leave báyìí? Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

"Ó di ọjọ́ Al-Kìyáámà."

Ó pa fóònù. Ó yé e wàyí. Mo rò pé ojú yóò tì í, pé yóò pe Erékùṣù, yóò ní òun ṣàṣìṣe. Ìtìjú wo? Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un. Dípò kó jẹ́wọ́, ó kọ̀wé sí wọn pé ẹ̀ka Ẹ̀pẹ́ kò mú èrè wá mọ́, wọ́n sì tì í pa. Àwọn tó ń sin ẹja ní Ẹ̀pẹ́ wá ń gba ọ̀nà tí òun sọ pé kò dára yẹn wá bá wa ní Ìtamaga. Bàbá ń jókòó nílé. Obìnrin tó ń gbowó ti bímọ, mi ò tíì gbọ́ pé ó ríṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n yọ orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró kúrò lórí ẹ̀rọ. Márùn-ún ni wọ́n fi ránṣẹ́, mo sì yọ márùn-ún. Ti Alhaja kò sí níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó dá a dúró. Àwọn tó ń jẹun, tó ń bímọ, ti lọ. Alhaja ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.