Ìṣó Kan Lára Ògiri ní Mẹ́kà

Ìdájí ni mo kúrò nílé mi ní Fiẹ́nà, olú ìlú Ọ́sítríà, níbi tí mo ti ń wa rélùwéè àárín ìgboro. Mo ń lọ ṣe ọ́múrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ Àǹtí Muínátì ló lé mi dìde. Àbúrò ìyá mi ni. Opó ni, kò bímọ, Jẹ́dà ló sì ti ń gbé láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkọ rẹ̀, télọ̀ ọmọ Ìwó tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Onílé wọn ní Al-Karantínà ti ní kí gbogbo ayálégbé kó jáde, ó fẹ́ tún ilé kọ́.

Inú yàrá kan ṣoṣo ni mo ti bá a nígbà tí mo dé Jẹ́dà. Ooru ibẹ̀ ju ti Ìlọrin lọ. Ògiri yàrá náà ṣófo pátápátá. Aago tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí, ẹ ò gbé aago yìí kọ́?"

"Onílé ò gbà kí á kan ìṣó, ọkọ mi. Ògiri tiẹ̀ ni."

Ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, a jẹ fúùlù, ẹ̀wà tí wọ́n tẹ̀ lúbúlúbú, pẹ̀lú tàmísì, búrẹ́dì pẹrẹsẹ kan tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ó dùn, àmọ́ kò sí ata níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà la wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Mẹ́kà, ogún ríyàlì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Títì náà tẹ́jú débi pé n ò rí ohun tí mo lè fi bú ìjọba.

Nígbà tí Àǹtí sọ fún awakọ̀ pé ilé là ń wá lọ, ẹ̀rín ló fi í rín.

"Ó ní àwọn tó ń wá ṣe Hájì làwọn onílé Mẹ́kà ń fi ilé dúró dè," Àǹtí túmọ̀ rẹ̀ fún mi. "Ó ní kí n máa ṣàdúà."

Mo rántí ọ̀dọ̀ wa. Ní Yúróòpù, àwọn tó wá gbafẹ́ ni onílé ń wò lójú ju onílùú lọ, débi pé àwọn ìlú kan ti fòfin de fífi ilé háyà fún wọn. Àwọn mìíràn fòfin de àfikún owó ilé. Ní Fiẹ́nà, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ ilé. Ọ̀kan nínú wọn lèmi náà ń gbé, ṣùgbọ́n mo dúró dè é títí irùngbọ̀n mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Mo rò pé òyìnbó nìkan ló mọ irú ọgbọ́n yẹn. Mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Rìbáàtì là ń lọ, lẹ́yìn Al-Abidíyà níbi tí yunifásítì wà. Ilé wákàfù ni: olówó kan kọ́ ọ, ó fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ kí àwọn opó máa gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Yàrá kan ló ṣẹ́ kù, alábòójútó ilé ló sì máa sọ ẹni tó máa gbà á.

Alábòójútó náà, bàbá àgbàlagbà kan, jáde sí wa. Bí mo ṣe rí irùngbọ̀n funfun báyìí, ẹ̀kọ́ ilé gbé mi: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Àsìtàgìfurulláà!" Bàbá fò sẹ́yìn, ó ń pariwo, ó ń nàka sókè ọ̀run.

Ní Mẹ́kà! Mo dojú bolẹ̀ fún èèyàn ní Mẹ́kà! Mo ti ba ọ̀rọ̀ Àǹtí mi jẹ́.

Àǹtí fà mí dìde, ó ń fi Lárúbáwá ṣàlàyé pé ìkíni lásán ni lọ́dọ̀ tiwa. Bàbá wo ṣòkòtò mi tó ti kún fún eruku, ló bá rẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?" mo bi Àǹtí.

"Ó ní ṣé báyìí la ṣe ń kí onílé. Mo ní tá a bá ń wá ilé, a lè yí gbiri pàápàá."

Bàbá tún sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Omi lé sójú Àǹtí kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ẹni tó kọ́ ilé yìí ti kú tipẹ́, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wá bẹ òun. Ó ní opó tí kò nílé ló kọ́ ọ fún, èmi náà sì rèé. Ó ní kí n lọ kó ẹrù mi wá."

"Alámúdùlílàáì!" Díẹ̀ ló kù kí n tún dọ̀bálẹ̀. Ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo ń ṣe ọ́múrà mi, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́ nínú bàálù tó gbé mi padà.

Nígbà tí mo dé Fiẹ́nà, òtútù ló kí mi káàbọ̀. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀: ilé tí èèyàn ò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó tó wọ̀ ọ́, ìyẹn gan-an nilé. Mo ṣí fóònù mi, mo bá ohùn Àǹtí níbẹ̀. Gbàgà, gbàgà, gbàgà ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Kamọ́rù, ṣé o gbọ́ yẹn? Èmi ni mò ń kanṣó o. Bàbá ló yá mi ní òòlù."