Ẹ̀rọ Tí Mo Pè Ní Tèmi

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Atlanta gbé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tucker, níbi tí mo ti ń gé irin ṣe páàtì ẹ̀rọ. Wọ́n fẹ́ àwòṣe ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi ń fa omi kúrò nínú ihò kùsà, kí wọ́n tó yí i padà kó lè máa wa ẹ̀rọ ìhunṣọ.

Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò yí. Á fa kẹ̀kẹ́ tó wà lára rẹ̀ dé ìdajì, á wá dúró gbagidi.

Bàbá kan wà ní mọ́sálásí wa tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ellenwood. Ó ti ṣe mẹkáníìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà kí wọ́n tó ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ròyìn wàhálà mi fún un. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ gbé e wá.

Ó fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ náà wò.

"Ó ń fà, àmọ́ kò lè tì," ló wí. "Nígbà tó ń fa omi, ìwúwo ọ̀pá tó wọ inú ihò kùsà ló ń dá a padà. O ti yọ ọ̀pá yẹn. Kí ló máa wá dá a padà?"

Ó tọ́ka sí kẹ̀kẹ́ náà.

"So irin wúwo mọ́ ọ̀pá tó ń yí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́ jù. Ṣe èyí tó wúwo, kó lè sáré kọjá ibi tó ti ń há."

Ọjọ́ mẹ́rin la fi jọ ṣe é. Òun ló ya gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sára páálí. Nígbà tó yí, Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣí àwòṣe náà fún aráyé wò, ọ̀gá ibẹ̀ bi mí níwájú àwọn àlejò pé ta ló ronú irin wúwo yẹn. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Èmi ni." N ò lè sọ pé ó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi, mo rò ó kí n tó sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá gbọ́ Òyìnbó dáadáa. Ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè wo ojú rẹ̀ ní mọ́sálásí. Nígbà tó yá, mo lọ sí Ellenwood, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Iṣẹ́ yín ni mo pè ní tèmi."

"Dìde," ló wí. "Àwọn ọ̀gá wa ní Ìkẹjà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Èyí tó dùn mí ni pé mo ti sọ fún ọmọ mi pé èmi ni mo ronú irin wúwo yẹn. Ó wá rí fídíò ọjọ́ yẹn lórí fóònù, ó gbọ́ tí o ní ìwọ ni, ó ní, 'Daddy, it's okay, ẹ má worry.' Ó rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú."

Mo jókòó títí ọmọ náà fi ti shift rẹ̀ dé. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó bú sẹ́kún.

Mo sọ òótọ́ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, wọ́n sì ti kọ orúkọ Bàbá sára àwòṣe náà. Ó ṣì ń yà sí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ bí mo bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.